Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Fọ́tò Ńkọ́?

Ìròyìn kò tó àfojúbà ni àwọn baba wa máa ń wí. Ẹni tí ojú rẹ̀ tó ọ̀ràn ni a ń gbàgbọ́ ju ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí fọ́tò dé, ó jogún ipò àfojúbà láàárín wa, tí ẹni tí kò kúrò ní ilé rẹ̀ ní Agége fi ń sọ pé òun rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Maiduguri. Ogún yìí ni a ń ná ní ìnákúnàá lónìí, èmi tí mo ń kọ èyí, tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ ìròyìn, sì ní ìpín tèmi níbẹ̀.

Ẹ ó rántí oṣù kejì ọdún 2023. Báǹkì àgbà ilẹ̀ wa ti pàrọ̀ owó bébà 200 náírà, 500 àti 1,000. Àwọn ọlọ́jà kò fẹ́ gba ti àtijọ́ mọ́, tuntun kò sì tó. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí báǹkì kan ní Allen Avenue, ní Ìkẹjà, tí èrò kò tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìdìbò ààrẹ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé fóònù mi sún mọ́ ẹsẹ̀ àwọn tí ó tò, mo sì ya fọ́tò kan. Nítorí bí mo ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn tí kò ju ogójì lọ wá dà bí irinwó. Ìyá arúgbó kan tí ó jókòó ti ògiri, tí ó ń sinmi ẹsẹ̀, tí ó sì ń bá wa ṣàwàdà, ni ó wà níwájú. Ó ṣẹ́jú ní àkókò tí mo yà á, ojú rẹ̀ sì wà ní dídì. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti padà dé ọ̀dọ̀ mi láti ọwọ́ àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ebi ti pa ìyá náà kú lórí ìlà. Nígbà tí ó di alẹ́, ẹgbẹ́ kejì náà ti mú un, wọ́n ní owó ni a fún un kí ó lè ba ìjọba lórúkọ jẹ́. Àwọn ọmọ ìyá náà ń sáré kiri ilé ìwòsàn nígbà tí òun wà nílé tí ó ń mu ẹ̀kọ.

N kò fi ohunkóhun kún fọ́tò náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. A ń kọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ yí àwòrán padà, a sì rò pé ibẹ̀ ni òtítọ́ parí sí. Ṣùgbọ́n irọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí onífọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí, ó sì lè ti inú ọ̀rọ̀ tí a kọ sí abẹ́ fọ́tò wá.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Boko Haram kó ọmọbìnrin 276 ní ilé-ẹ̀kọ́ Chibok. Nígbà tí gbogbo ayé ń ké pé kí wọ́n dá wọn padà, fọ́tò àwọn ọmọbìnrin kan tàn kálẹ̀, àwọn gbajúmọ̀ sì ń pín in kiri. Ọmọ Guinea-Bissau ni àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Ami Vitale, ará Amẹ́ríkà tí ó yà wọ́n, ni ó jáde wá wí pé ọ̀ràn ìjígbé náà kò kàn wọ́n rárá. Àwọn kan ní ète rere ni. Èmi kò gbà. Ọmọ Chibok ní ojú tirẹ̀, ọmọ Guinea-Bissau náà sì ní ìyá tí ó lè rí i.

Fọ́tò èké a sì máa ba ti òtítọ́ jẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe ìwọ́de lórí ọ̀ràn SARS, tí Alausa tí kò jìnnà sí Allen kún fún wọn, fọ́tò àtijọ́ wà láàárín èyí tí a ń pín. Nígbà tí ìbọn ró ní Lekki ní alẹ́ ọjọ́ 20, ilé-iṣẹ́ ológun lu òǹtẹ̀ pé irọ́ ni sára àwọn ìròyìn tí ó jáde, wọ́n sì gbé wọn sí Twitter. Instagram pẹ̀lú fi àmì èké sí ohun tí àwọn ènìyàn gbé jáde. Facebook tí ó ni ín padà tọrọ àforíjì. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ọ̀gágun kan sọ níwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí ti ìjọba Èkó pé àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀, àti pé ọta ìbọn gidi wà lọ́wọ́ wọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń pín fọ́tò àtijọ́ ni a jẹ́ kí ó rọrùn láti lu òǹtẹ̀ náà.

Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹgbẹ́ kejì ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tí mo wí kò bá ẹgbẹ́ kankan lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ń kọ́ ọmọ láti ka ìwé. Ta ni ó ń kọ́ wọn láti bi fọ́tò léèrè ẹni tí ó yà á, ibi tí ó ti yà á, ọjọ́ tí ó yà á, àti ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a kò rí? Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti ń ya ojú ènìyàn tí a kò bí rí báyìí.

Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ti dá owó àtijọ́ padà sí ọjà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta kí n tó ní ìgboyà láti wá ìyá náà lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, kí n fi fọ́tò náà han òun. Ó wò ó pẹ́, ó sì bi mí pé, “Ọmọ mi, kí ni o kọ sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí o fi ránṣẹ́?” Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, mà, n kò kọ nǹkan kan.”