Afẹ́ inú ọyẹ́: kí wọ́n kọ́kọ́ tún ọ̀nà oko Ìbàdàn ṣe ná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àfi bíi pé àwọn òyìnbó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju àwọn tó ni òwe lọ. Nígbà òtútù, tí yìnyín bá bo gbogbo orí òkè ní Scotland tàbí Norway, ẹ óò rí tọkọtaya tí wọ́n di oúnjẹ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n kọrí síbi tí èèyàn ò pọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú bọ́ọ̀sì náà, sítóòfù wà níbẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọn yóò sùn. Iṣẹ́ kọ́ ló ń gbé wọn lọ, òkú kọ́ ni wọ́n fẹ́ lọ sin. Wọ́n kàn fẹ́ wo ilé ayé ni. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún ará Ìbàdàn, ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Ṣé wọn ò nílé ni?”

Bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì náà kì í ṣe àjèjì. Ọdún 1950 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Jámánì, nígbà tó sì di ọdún 1951, ilé iṣẹ́ Westfalia ti ń to bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò. Irú bọ́ọ̀sì yẹn gan-an ló wá di dánfó lọ́dọ̀ wa. Ibi tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí lọ́hùn-ún ni wọ́n kan bẹ́ǹṣì sí níbí, tí kọ́ńdọ́kítọ̀ sì ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn.

Ará Jámánì kan, Gunther Holtorf, àti Christine aya rẹ̀ ṣe tiwọn dé góńgó. Inú ọkọ̀ Mercedes kan ṣoṣo ni wọ́n ń sùn, tí wọ́n fi ń káàkiri ayé. Christine kú lọ́dún 2010, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò dá ìrìn náà dúró títí di ọdún 2014, nígbà tí ọkọ̀ náà ti rin nǹkan bí 900,000 kìlómítà.

Yìnyín kì í já bọ́ ní Ìbàdàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń fẹ́. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, kò sí ohun tó dùn ún wò tó oko Ìbàdàn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Kí tọkọtaya kan gbéra ní Mọníyà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó ń dé sí láti ọdún 2021. Kí wọ́n yà sí IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967. Ilẹ̀ ibẹ̀ tó 1,000 hẹ́kítà, igbó tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé níbẹ̀ sì tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà. Ẹyẹ kan wà nínú igbó yìí tí wọ́n ń pè ní Ibadan Malimbe. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo ayé. Òyìnbó tó fẹ́ràn ẹyẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ìbàdàn tó ń gba ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ kọjá lójoojúmọ́ lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Kí wọ́n padà, kí wọ́n gba ọ̀nà Ìwó lọ sí Ìyànà Ọ̀fà àti Lálúpọn. Wọn yóò rí láfún àti èsúrú ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta, nítorí ọyẹ́ ni í gbẹ wọ́n dáadáa. Àgbàlùmọ̀ ti ń jáde, ewé igi tíìkì ti wọ́ sílẹ̀, kùrukùru bo ojú ọ̀nà débi pé oòrùn aago mẹ́jọ dà bí òṣùpá. Kí wọ́n ya Ẹgbẹ́dá, kí wọ́n jẹ ẹja díndín ní Àṣèjíire, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gba Bádékù bọ́ sí Akanran ní Ọ̀nà-Àrà. Ìpara ọ̀rí díẹ̀ fún ètè, aṣọ òtútù kan, ó parí.

Ọ̀rọ̀ dé bí ilẹ̀ bá ṣú. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí igbó ìpànìyàn Sóká ní Ìbàdàn lóṣù kẹta ọdún 2014, ẹni tó bá páàkì mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó lóru, gbọ́mọgbọ́mọ ni àwọn ará abúlé yóò kọ́kọ́ pè é. Kò sì sẹ́ni tó lè dá wọn lẹ́bi. Bí ọlọ́pàá bá sì tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú, ó ṣeé ṣe kó bèèrè ìwé ìgbéyàwó mọ́ ìwé ọkọ̀. Àwọn tọkọtaya náà ní ẹ̀rù tiwọn, nítorí ìròyìn ajínigbé lójú ọ̀nà kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ wà níta lẹ́yìn aago mẹ́fà.

Kì í ṣe òní ni ọ̀nà ti ń dí mọ́ arìnrìn-àjò níhìn-ín. David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì, dé Ìbàdàn lọ́dún 1853. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1860, ọ̀nà etí òkun dí pátápátá, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n sí Kúdẹtì. Ọdún 1865 ni John Glover tó ń ṣe olórí Èkó rán àwọn èèyàn gba inú igbó wá láti gbé Anna jáde.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Àgbẹ́kọ̀yà. Láàárín ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí Tafa Adeoye kó àwọn àgbẹ̀ jọ ní Akanran, owó orí nìkan kọ́ ni wọ́n ń bá ìjọba Adeyinka Adebayo jà lé lórí. Wọ́n fẹ́ kí owó kòkó gbé pẹ́ẹ́lí, wọ́n sì fẹ́ kí ìjọba tún ọ̀nà abúlé wọn ṣe. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní Akanran, ìjọba sì já owó orí sí pọ́n-ùn méjì. Owó orí rí àtúnṣe. Ọ̀nà wá ńkọ́?

Ẹ wò ó dáadáa, ohun tí tọkọtaya tó ń wá afẹ́ nílò kò yàtọ̀ sí ohun tí ìyá tó ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà nílò: ọ̀nà tí mọ́tò ò ní rì sí, omi tó mọ́, àti ibi tí èèyàn lè sùn kó jí. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ fa àwọn arìnrìn-àjò wá sí Akínyẹlé tàbí Lágelú láìṣe nǹkan mẹ́ta yìí, àlá ló ń lá.

Ibi àtisùn gan-an ló rọrùn jù nínú wọn. Láyé àtijọ́, àlejò tó bá wọ abúlé, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Kí ló burú bí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bá àwọn baálẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n ya àgbàlá kan sọ́tọ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́, pẹ̀lú kànga àti ṣáláńgá tó dára? Kí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n ti wà láti oṣù kìíní ọdún 2020, mọ̀ pé àlejò wà níbẹ̀. Kí àlejò san owó tó mọ níwọ̀n, kó ra iṣu àti adìyẹ lọ́wọ́ àwọn ará abúlé.

Ti ọ̀nà ló gba iṣẹ́, ọyẹ́ kì í sì í pẹ́ kó tó lọ. Lóṣù kẹta, òjò àkọ́rọ̀ yóò ti sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Katakata tó bá máa ha ọ̀nà oko Akanran, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀.