Kí Orúkọ Abà Wa Má Sọnù Nínú Ìwé Ìkànìyàn



Ìjọba Benin ti ka èèyàn ní 1979, 1992, 2002 àti 2013. Ti 2013 ni wọ́n ti rí 10,008,749 èèyàn. Ṣùgbọ́n abúlé wo ni wọ́n ka ará abà mọ́? Abúlé ńlá tó wà nítòsí ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Tí kànga tàbí ilé ìwé bá dé, ibẹ̀ náà ló ń lọ.

Orúkọ nìkan ò sì tó. Igana wà lábẹ́ Pobè, Ìgànná sì wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún. Bí a bá kọ "Igana" lásán, ta ni yóò mọ èyí tí à ń wí? Abà tó bá wà lẹ́bàá ààlà Pobè àti Sakété, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin olórí abúlé, ẹ kọ orúkọ abà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí gbogbo wa máa kọ ọ́ bákan náà. Ẹ fi abúlé, arrondissement àti kọ̀mún rẹ̀ sí i, kí ẹ mú un lọ sí mẹ́rì kí ìkànìyàn mìíràn tó dé.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwé ni ìjọba ń wò kó tó gbẹ́ kànga.