Ọwọ́ Ta Ni O Ń Da Omi Sí?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ìpolówó ọjà, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ di ọ̀gá lọ́sàn-án kan òru kan. Nígbà tí ọba mẹ́ta ń wá wòlíì, ohun tí a fi júwe Èlíṣà ni pé ó ti da omi sí Èlíjà lọ́wọ́ (2 Ọba 3:11). Ọ̀gbẹ́ni Bíọ́dún Ṣóbánjọ, ọmọ Ayépé-Ìjẹ̀bú, wọ Grant Advertising ní 1971. Ó sìn níbẹ̀ kí Insight tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1980. Ẹ̀yin òbí, ẹ má kánjú gba ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ tí kò tíì ní ọ̀gá. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fi iṣẹ́ pamọ́: Èlíjà kò gbé agbádá rẹ̀ lọ sọ́run.