Ìtọ́jú Ọkọ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Gẹ̀gẹ̀

Ní oṣù yìí, n kò ní í sọ̀rọ̀ lórí ọbẹ̀ sísè tàbí aṣọ rírán. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tèmi gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ, ní Ìfọ́n níbi tí a ń gbé. Ó pẹ́ kí n tó gbà láti kọ ọ́, nítorí pé àṣìṣe tí ó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ni ó ti wá, èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ń ṣepin, ojú náà ni a fi í hàn.

Olùkọ́ ni baálé mi. Gẹ̀gẹ̀ yọ sí i lọ́rùn; ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹyin ẹyẹlé, ó sì ń tóbi sí i títí tí bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ kò fi ṣe é dè mọ́. Nígbà tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í há a lọ́fun, a lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá, àwọn dókítà sì yọ gbogbo rẹ̀ kúrò pátápátá. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Àwọn ẹbí wá kí wa láti Ìfọ́n àti láti Ìlobùú, nítorí pé ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn tán, ọmọ Ìlobùú sì ni ìyá ọkọ mi. A dúpẹ́, a sè, a jẹ. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọkùnrin mìíràn nínú ilé. Ẹni tí ó máa ń jí kí àkùkọ tó kọ wá di ẹni tí a ń jí ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ń da aṣọ bora nígbà tí àwa yòókù ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara. Ó ń sanra, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹun tó ti tẹ́lẹ̀. Ó gbàgbé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn rẹ̀ ha, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ń sín in jẹ lẹ́yìn. Ní ti ọ̀rọ̀ yàrá, ẹ̀yin ìyàwó ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kàn sọ pé ó ń kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹnu mi kò gbà á mọ́. Mo ní, "Ṣé oorun ni ẹ fẹ́ máa fi ṣe iṣẹ́ báyìí? Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó wù yín, ẹ kúkú sọ fún mi." Kò bínú. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ní, "N kò mọ ohun tí ó ń ṣe mí. Ó dà bí ẹni pé inú omi ni mo ń rìn." N kò gbà á gbọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Èyí ni ó ń dùn mí títí di òní.

IṢẸ́ TÍ Ẹ̀YÀ ARA NÁÀ Ń ṢE

Níwájú ọ̀fun olúkúlùkù wa ni ẹran kékeré kan wà tí ó rí bí labalábá tí ó na ìyẹ́ rẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Thyroid ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Nígbà tí ó bá wú ni a ń pè é ní gẹ̀gẹ̀. Ó ń ṣe èròjà kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri gbogbo ara, èròjà náà sì dà bí ẹni tí ń tọ́jú iná lábẹ́ ìkòkò. Bí iná bá kéré, oúnjẹ kò ní í jinná. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò jóná. Ìgbóná ara, ìlù ọkàn, ìgbẹ́ yíyà, oorun, ìrántí, ìbínú àti ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara, gbogbo wọn ni ó ń fọwọ́ kàn. Ẹni tí a bá ti yọ gbogbo ẹran yìí lọ́rùn rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò máa tọ́jú iná náà mọ́, àfi bí a bá fi oògùn rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti rú àwọn àgbà oníṣègùn lójú rí. Emil Theodor Kocher, dókítà ilẹ̀ Switzerland, mọ iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1909. Síbẹ̀, ní 1883, òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́wọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tí òun yọ gbogbo ẹran náà lọ́rùn wọn ti di ẹni tí ara rẹ̀ ń wú, tí ọpọlọ rẹ̀ kò sì jí pépé mọ́. Ní 1891, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Murray fa omi jáde láti inú thyroid àgùntàn, ó sì fi abẹ́rẹ́ gún un sí ara obìnrin kan tí tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Obìnrin náà tún lo ọdún 28 láyé. Nígbà tí ó di 1914, Edward Kendall ya èròjà náà gan-an sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ ọ́ ní thyroxine. Lónìí, a kò nílò àgùntàn mọ́. Hóró oògùn kékeré ni, èyí tí a ń kọ 25, 50 tàbí 100 sí ara páálí rẹ̀ láti fi bí ó ti lágbára tó hàn.

ÀṢÌṢE TÈMI

Ní ọjọ́ tí a padà sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ baálé mi wò, wọ́n sì rí i pé èròjà náà kò tó rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò pa oògùn jẹ ní ọjọ́ kan. Dókítà bi í pé, "Báwo ni ẹ ṣe ń lo oògùn yín, sà?" Èmi ni mo yára dáhùn. Mo ní èmi ni mo ń fún un, ní gbogbo òwúrọ̀, pẹ̀lú ife wàrà sóyà tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, àti hóró kálísíọ́mù tí wọ́n kọ fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ó lè lo gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ń retí pé kí ó yìn mí.

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Màdáámù, ẹ ti ń fi ọwọ́ kan fún un, ẹ sì ń fi ọwọ́ kejì gbà á." Ó ṣàlàyé pé sóyà àti kálísíọ́mù kì í jẹ́ kí ìfun gba oògùn náà bí ó ti yẹ. Nígbà tí mo délé, mo tú páálí oògùn náà wò. Ìwé pélébé tí ó wà nínú rẹ̀ sọ bí a ṣe ń lò ó. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa ka ohun tí a kọ sí ara agolo oúnjẹ, n kò ka ti oògùn ọkọ mi.

BÍ A ṢE Ń LÒ Ó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkíní, omi lásán ni a fi ń gbé oògùn náà mì, lórí ikùn òfìfo, ní òwúrọ̀, ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kí ènìyàn tó jẹ ohunkóhun tàbí kí ó tó mu tíì tàbí kọfí. Nígbà tí ó bá ti mu ún ni kí ẹ tó gbé ògì kaná. Bí ẹ ó bá fi dín àkàrà tán, àkókò ti tó.

Èkejì, kálísíọ́mù, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin nínú, àti oògùn ikùn tí ń ta, kí ó tó wákàtí mẹ́rin sí i. Kò pọn dandan kí ẹni tí ó fẹ́ràn sóyà pa á tì, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí àkókò oògùn, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà.

Ẹ̀kẹta, àkókò kan náà lójoojúmọ́. Bí baálé yín bá jẹ́ Mùsùlùmí, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé. Àwọn kan ń lò ó ní ìdajì wákàtí ṣáájú sààrì. Àwọn mìíràn ń lò ó nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn, bí ikùn bá ti wà lófo fún bí wákàtí mẹ́ta.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe tọ́jú oògùn sí ilé ìdáná níbi tí ooru àti èéfín wà, tàbí sójú fèrèsé tí oòrùn ń pa. Inú àpótí yàrá ni ó dára jù, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ní sùúrù. Oògùn yìí kì í ṣe ti orí fífọ́ tí ènìyàn lò ní àárọ̀ tí ó gbádùn ní ọ̀sán. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọ ara. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, kí ó tó mọ̀ bóyá kí òun fi kún un tàbí kí òun dín in kù. Kí ọkọ tàbí aya má ṣe dá a pọ̀ sí i, kí wọ́n má sì ṣe dá a dín kù.

OHUN TÍ OJÚ AYA LÈ RÍ

Ẹni tí ń gbé pẹ̀lú aláìsàn máa ń rí ohun tí aláìsàn kò rí. Bí oògùn bá kéré, ẹ ó rí àárẹ̀, òtútù, ara gbígbẹ, ìgbẹ́ gbígbẹ, ìgbàgbé àti ìbànújẹ́ tí kò nídìí. Bí ó bá pọ̀ jù, àyà yóò máa lù kìkì, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, òógùn yóò máa bò ó, kò ní í rí oorun sùn, yóò rù, ìbínú rẹ̀ yóò sì súnmọ́ ìtòsí. Ẹ ra ìwé kékeré kan kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ sì mú un dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìwé olóòótọ́ yìí sàn ju ìjà òru lọ.

Nǹkan díẹ̀ wà tí a kì í dúró de àárọ̀ fún. Bí ọrùn bá wú lójijì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí tí èémí kò já gaara, bí àyà bá ń dùn ún, tàbí bí ètè àti ọmọ ìka bá ń ta tí iṣan sì ń fà, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá. Kálísíọ́mù tí ó lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lè fa ti ìkẹyìn yìí.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ nìkan ni mo ń sọ. Àrùn yìí ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ń lo oògùn náà, ẹ fún baálé yín ní ojú ìwé yìí kà. Bí ẹ bá sì lóyún, ẹ má ṣe dá a dúró rárá. Ẹ tètè sọ fún dókítà, nítorí aboyún sábà máa ń nílò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

NÍTORÍ ÀWỌN ỌMỌ

Áyódìn tí kò tó nínú oúnjẹ wà lára ohun tí ń fa gẹ̀gẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun nìkan. Láti 1993 ni ìjọba Nàìjíríà ti pàṣẹ pé kí iyọ̀ oúnjẹ ní áyódìn nínú. Nítorí náà, ẹ ra iyọ̀ inú ọ̀rá tí a kọ ọ́ sí lára, ẹ dé e dáadáa, kí ẹ sì máa fi í sí ọbẹ̀ nígbà tí ó bá ń jinná lọ, kí iná má baà gba agbára rẹ̀. Bákan náà, Dókítà Ekpechi tí ó ṣe ìwádìí ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà fi hàn ní 1967 pé ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa ń dá kún gẹ̀gẹ̀. Ẹ jẹ́ kí láfún àti gaàrí yín kan dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ó yé yín: iyọ̀ kò lè rọ́pò oògùn fún ẹni tí a ti yọ thyroid rẹ̀.

ÌYÁ ỌKỌ MI

Nígbà tí a ti tún àkókò oògùn ṣe, oṣù méjì kò tíì pé tí baálé mi fi ń jí fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń padà bọ̀, ó sì ń dápàárá. Ibẹ̀ ni ewu mìíràn ti yọjú: ara rẹ̀ ti yá, ó sì fẹ́ dáwọ́ oògùn dúró. Ìyá ọkọ mi gbè é lẹ́yìn. Ó ní, "Ìyàwó, ẹni tí wọ́n ti yọ nǹkan náà lọ́rùn rẹ̀, oògùn kí ni ẹ tún ń fún un lójoojúmọ́?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, bí a bá bu epo sí fìtílà lánàá, tí ó sì tàn dáadáa, ṣé a ó sọ pé kò nílò epo mọ́ láti òní lọ? Ibi tí ara ti ń pọn epo tirẹ̀ ni wọ́n yọ. Hóró yìí ni a ń bù sí i."

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ni ó ń rán an létí?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "O ní ọmọ láti wẹ̀, o ní iṣẹ́ láti lọ. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Láti ìgbà náà, kí ilẹ̀ tó mọ́, n óò gbọ́ ìró bàtà Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, n óò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé o ti mu ún?" Ọkọ mi yóò sì dáhùn pẹ̀lú ohùn olùkọ́ rẹ̀ pé, "Mo ti mu ún, mà." Ìgbà náà ni èmi yóò tó dìde láti lọ gbé ògì kaná.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, bí ọkọ yín bá yí padà lẹ́yìn àìsàn, ẹ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè kí ẹ tó bi ọkàn rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run fún gbogbo ilé wa ní àlàáfíà.