Rẹfirí Tètè Dá Ìjà Takam Dúró, Ó sì Ṣe Dáadáa

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa tí a fẹ́ràn ìjà ẹ̀ṣẹ́: ìjà Anthony Joshua àti Carlos Takam. Àwọn kan wà lẹ́yìn Joshua nítorí pé Ṣágámù ni orírun rẹ̀. Àwọn kan wà lẹ́yìn Takam nítorí pé ọmọ Kamẹrúùnù ni, èdè Faransé tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ìwé ni òun náà ń sọ. Láti ọjọ́ ìjà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń bú rẹfirí. Àwa kò ní bá wọn bú u.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bó ṣe lọ. Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni, ní Cardiff, ní Wales. Kubrat Pulev, ará Bulgaria, ló yẹ kó bá Joshua jà, ṣùgbọ́n ó fara pa. Nǹkan bí ọjọ́ 12 péré ló kù kí wọ́n tó pe Takam. Takam dé, kò sì wá ṣeré. Ní ìpele kejì, orí rẹ̀ gbá Joshua nímú. Ní ìpele kẹrin, Joshua lù ú lulẹ̀, ó dìde. Òkè ojú rẹ̀ méjèèjì là, ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò sá. Nígbà tó di ìpele kẹwàá, Joshua da ẹ̀ṣẹ́ bò ó, rẹfirí Phil Edwards sì kó sí àárín wọn, ó ní ó tó. Takam ṣì wà lórí ìdúró. Ó jiyàn pé òun kò tíì rẹ̀. Èrò tó kún pápá náà, tó ju 70,000 lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé rẹfirí lórí.

Ṣé ó tètè dá ìjà náà dúró? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá wo ìjà náà láìṣègbè yóò gbà pé Takam ṣì lè gba ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀ sí i. Ṣé ohun tó ṣe burú? Rárá o. Ibí yìí ni àwa àti àwọn tó ń bú u ti pínyà.

Ẹ wo ìjàkadì Evala tí wọ́n máa ń ṣe ní Kara lóṣù keje ọdọọdún. Bí ẹ̀yìn ọmọkùnrin bá kan ilẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, gbogbo ojú ló rí i. Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ń dájọ́. Ẹlòmíràn lè dúró ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ ti máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú agbárí. Àwa tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kò lè rí i. Rẹfirí nìkan ló sún mọ́ ọn tó fi lè wo ẹyinjú rẹ̀, kó wo bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, kó sì mọ̀ bóyá ó ṣì ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan ló ní láti fi pinnu. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ wo ibi tí ìjà ti pẹ́ jù. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1982, ní Las Vegas, Ray Mancini àti Duk Koo Kim, ọmọ Kòríà, jà dé ìpele kẹrìnlá kí wọ́n tó dá wọn dúró. Kim dákú, kò jí mọ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó kú. Kí ọdún tó yípo, ìyá rẹ̀ pa ara rẹ̀, rẹfirí ìjà náà, Richard Green, pẹ̀lú sì pa ara rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Kim ni àjọ WBC gé ìjà adé ayé kúrò ní ìpele 15, tí wọ́n sọ ọ́ di 12.

Ẹ wo ti tòsí náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2025, ní Bukom Boxing Arena ní Accra, Ṣẹ́gun Ọláńrewájú, ọmọ Nàìjíríà, ẹni 40 ọdún, ń bá Jon Mbanugu jà. Ní ìpele kẹta, ó fẹ̀yìn lọ bá okùn, ó ṣubú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Korle Bu, ó sì kú. A kò di ẹ̀bi ru rẹfirí ọjọ́ náà. Ohun tí à ń sọ ni pé ara kì í ránṣẹ́ ṣáájú kó tó ṣubú.

Ẹ wá wo Takam tí wọ́n ní rẹfirí fìyà jẹ. Ó lọ sílé lálàáfíà, ojú rẹ̀ jinná, ó sì tún ń jà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2023, ní Paris, ó na Tony Yoka, ọmọ Faransé tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Rio ní 2016. Ẹni ọdún 42 ni Takam lọ́jọ́ náà! Bí a ò kú, ìṣe ò tán. Àṣìṣe rẹfirí tó yára ṣeé tún ṣe. Ti rẹfirí tó lọ́ra, ta ni yóò tún un ṣe?

Àwọn kan ní: "Wọ́n fẹ́ dáàbò bo Joshua ni. Títí di ìgbà náà, kò sí ìjà rẹ̀ tí ẹni tó bá jà parí ìpele." Òtítọ́ ni pé gbogbo ìjà 19 tó ti jà ṣáájú ló fi ẹ̀ṣẹ́ parí, ti Takam sì di ogún. Ṣùgbọ́n Joshua ti síwájú dáadáa nínú máàkì, kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbà á sílẹ̀. Bí ẹ bá ń fura, ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni pé kí rẹfirí má ṣe wá láti ilẹ̀ ẹni tó ni adé, nítorí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Joshua, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni Edwards. Ẹ tún bèèrè ìdí tí wọn kò fi fún Takam láǹfààní láti tún ìjà náà jà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn, a ó sì bá yín pariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ ní kí rẹfirí fọwọ́ lẹ́rán títí èèyàn yóò fi ṣubú? A kò gbà.

Àwọn mìíràn ní ọkùnrin ni Takam, kí wọ́n jẹ́ kó kú sójú ìjà. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ń sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ lórí ìpele tí ìjà yóò parí ni, àbí ìyá Takam? Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Àwọn ọmọ wa ń wo Joshua lórí fóònù, wọ́n sì ń fẹ́ kan ẹ̀ṣẹ́ bíi tirẹ̀. Láti Anié dé Lomé ju kìlómítà 150 lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sínú orí ọmọ kan níbí lálẹ́, ìgbà wo ni yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ orí? Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣètò ìdíje ẹ̀ṣẹ́ ládùúgbò wa, kó kọ́kọ́ fi dókítà hàn wá, kó fi ọkọ̀ tí yóò gbé ọmọ hàn wá, kó sì fi rẹfirí tí kì í bẹ̀rù ariwo èrò hàn wá. Bí rẹfirí náà bá yára jù, ẹ jẹ́ kí ọmọ bínú. Ọmọ tó ń bínú ṣì wà láàyè.