Ẹ Jẹ́ Kí Á Kọ́kọ́ Mọ Odi

Ẹ̀yin ará wa ní Bosso! Ó pẹ́ tí a ti ń sọ pé kí àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa gbogbo di ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ́ alága ni ó ń dá a dúró.

Ẹ wo Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sí abẹ́ Olúmọ ní 1830. Àwọn Òwu wá bá wọn lẹ́yìn náà. Aké kò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Òwu. Olúkúlùkù mú àwọn olóyè rẹ̀ dání. Odi ni wọ́n jọ mọ. Ní 1851, wọn kò tíì fi ọba kan jẹ lórí gbogbo wọn nígbà tí ogun Dàhọ̀mì dé, síbẹ̀ wọ́n lé e padà. Ọdún 1854 ni Okúkẹ́nù tó jẹ Aláké.

Odi tiwa ni owó ìsìnkú, owó ilé ìwé àwọn ọmọ, àti ohùn kan tí a ó fi máa bá àwọn Gbágyì tó gbà wá lálejò sọ̀rọ̀. Òkú kì í dúró de ìbò. Ẹ jẹ́ kí á da owó wa pọ̀ ná, kí ọ̀rọ̀ àga di ẹ̀yìn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.