Ẹ Má San Kọ́bọ̀ fún Agbowó-Ipá

Ẹni tó bá ń ṣòwò ní ìlú Benin, ìpínlẹ̀ Edo, kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ kan fún agbowó tí òfin kò mọ̀. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Kò tíì le tó.

Ẹ wo ojú ilẹ̀kùn àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Akpakpava tàbí Mission Road. Sítíkà lórí sítíkà: ti pátákó ìpolówó, ti rédíò, ti ìmọ́tótó, ti ẹgbẹ́ tí kò ní ọ́fíìsì. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá béèrè ìwé àṣẹ, àgádágodo ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Fún awakọ̀ tó kó tòmátì wọ̀lú, igi tí wọ́n kan ìṣó mọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ òfin kò dákẹ́. Láti 1998 ni ìjọba àpapọ̀ ti to gbogbo owó tí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀) lè gbà sínú òfin. Òfin náà ní aláṣẹ owó orí nìkan ló lè gbà á, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dí ọ̀nà nítorí rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ ilé ìṣòwò nínú ìlú ńlá kò gbọdọ̀ kọjá ₦10,000, àti ₦5,000 lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀yin?

Ará Benin mọ owó “deve” dáadáa. Kí ènìyàn tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwọn CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, á dé. Bó bá mọ ògiri, wọ́n á tún dé. Bó bá kan òrùlé, wọn ò ní ṣàìdé. Iṣẹ́ ọmọ onílẹ̀ Èkó gan-an nìyẹn. Èkó ṣòfin lòdì sí i ní 2016. Edo ṣe tirẹ̀ ní 2017 lábẹ́ gómìnà ìgbà náà, Godwin Obaseki, Ọba Benin, Ewuare Kejì, náà sì ní kí CDA tú ká. Ta ló wá sọ pé apá kò ká agbowó-ipá?

Àwọn kan ní, “San án, kí o sinmi.” Irọ́ ni! Ẹni tó san lónìí ti wọ ìwé àwọn agbowó, ọ̀la ni wọ́n ń padà bọ̀. Àwọn kan tún ní àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ ló ń jẹun níbẹ̀. Ta ni yóò gba ọ̀dọ́ síṣẹ́, bí kò bá ṣe oníbúrẹ́dì àti aránṣọ tí wọ́n ń fún lọ́rùn yìí?

Àwa oníṣòwò náà lẹ́bi. Ẹni tí kò forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, tí omi inú ọ̀rá rẹ̀ kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹnu wo ló fẹ́ fi jà? Ìbẹ̀rù ló ń mú un tọwọ́ bọ àpò. Láti 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026 sì yọ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí owó ọjà wọn kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ́dún kúrò nínú owó orí ilé iṣẹ́. Ẹ lọ gba ìwé yín.

Kí ìjọba Edo náà lẹ orúkọ owó tó bófin mu, pẹ̀lú iye rẹ̀, mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo ọjà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oredo, Egor àti Ikpoba-Okha, ní èdè Edo, Píjìn àti Gẹ̀ẹ́sì. Kí gbogbo rẹ̀ gba báǹkì kọjá. Ẹni tó bá sì tún ti ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì pa láìsí ìwé ilé ẹjọ́, kí wọ́n gbé òun gan-an lọ síwájú adájọ́.